Òógùn Tí Wọ́n Pè Ní Oyún

Ọjọ́ Ẹtì kan wà tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Bí orí mi bá tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, abíyá mi yóò rán mi létí. Ọjọ́ náà ni mo lọ sí ọsibítù ní Igbó-Ọrà, kí dókítà wá sọ bóyá mo lóyún. Ẹni tó bá mi lọ kì í ṣe ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tó fún mi lóyún, nítorí kò sí ẹni tó fún mi lóyún. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni. Òun nìkan ló rí oyún náà. Èmi tí wọ́n ní mo gbé e kò rí nǹkan kan.

Ogun abẹ́lé ti parí ní bí ọdún mélòó kan nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo sì ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lánlátẹ̀. Bàbá mi wà ní Ìgàngán, ó ń gbin iṣu, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Àfẹ́sọ́nà mi, Múfútàù, ọmọ Èrúwà, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Kàdúná. Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, àdúrà ti wáyé, ó ku kó gba ìsinmi wálé ká so yìgì.

Inú ọyẹ́ ni òógùn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: inú ọyẹ́. Nígbà tí ètè gbogbo ayé ń bẹ́, tí àwọn èèyàn ń fi òrí pa ẹsẹ̀, èmi ń fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ra. Ṣọ́ọ̀kì tí mo bá dì mú á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ kí n tó kọ déètì tán. Bí mo bá máàkì ìwé ọmọ, yíǹkì pupa á ṣàn dé orí àpótí ìjókòó, ọmọ tó gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá á sì rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n ta sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò kúkú fi mí sílẹ̀ láìfún mi lórúkọ. Mísì Òjò ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n rò pé n kò gbọ́.

Àwọn onímọ̀ tó wà láyìíká mi kò sì jẹ́ kí n dá nìkan ronú. Tíṣà kan ní ọ̀rá ló pọ̀ lára mi, lásìkò tí ìró mi ń tú nídìí nítorí pé mo ń rù. Ọ̀gá ilé ìwé wa, ọkùnrin kan tó mọ ìdí ohun gbogbo àyàfi ìdí tí òrùlé kíláàsì mi fi ń jò, sọ fún mi pé ẹni tó bá ní ohun tó ń fi pamọ́ ni ara rẹ̀ máa ń gbóná. Ẹni tó ń ta oògùn nítòsí gáréèjì kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan, oògùn ibà ló fún mi. Mo gbé oògùn ibà mì fún òógùn, òógùn kò mọ̀ pé òun ni à ń bá wí.

Nígbà tó yá, mo lo ọgbọ́n tí mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Mo ra pọ́dà, mo dà á sí abíyá méjèèjì. Láàárín wákàtí kan ó ti di ògì. Mo wá gé ògbólógbòó ìró kan sí mẹ́rin. Mo fi méjì há abíyá, mo sì fi méjì yòókù gbá inú àti ẹ̀yìn lábẹ́ aṣọ, mo fi òwú so wọ́n. Mo wo ara mi nínú dígí, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́ ọjà Lánlátẹ̀ ni mo dá àrà yìí. Màmá Múfútàù a máa wá ra ẹ̀gúsí lọ́jọ́ ọjà, kó tó padà sí Èrúwà á sì yà kí mi nílé ìwé. Ká má purọ́, ó máa ń yà wò mí ni. Obìnrin gígùn ni, ojú rẹ̀ mú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti wo iṣu lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ èyí tó bàjẹ́ nínú. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ń darí eré ìdárayá ní iwájú gbogbo ilé ìwé. Mo kígbe pé, "Ọwọ́ sókè." Igba ọwọ́ lọ sókè, tèmi náà lọ sókè, aṣọ abíyá ọ̀tún sì já bọ́ sílẹ̀ pàà, bí ẹja tútù.

N kò jẹ́ kó hàn. Mo ní, "Ọwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ sókè." Ti apá òsì náà tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí dáadáa, tí mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní, jáde láti orí ìlà, ó fi ìka méjì mú un sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó ní, "Mísì, nǹkan yín já bọ́." Mo tẹ̀ síwájú láti gbà á, okùn òwú tó wà lábẹ́ aṣọ mi já, èyí tí mo fi gbá inú bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ láàárín itan mi. Mo fi orúnkún há a. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rìn kúrò níwájú àwọn ọmọ, bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀.

Màmá Múfútàù wà lábẹ́ igi mángòrò. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó pè mí sẹ́yìn kíláàsì.

"Tíṣà, kí lo fi ń di inú?"

"Aṣọ ni, Màmá. Òógùn ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Òógùn. Nínú ọyẹ́." Ó wò mí láti orí délẹ̀. "Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ó ń wù ọ́ jẹ?"

Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo la ẹnu mi, mo ní, "Ó ń wù mí gan-an, Màmá. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ báyìí, ti ẹni méjì ni."

"Àyà rẹ ńkọ́?"

"Ó máa ń lù kìkìkì."

"Oorun?"

"N kì í rí i sùn, Màmá. Ooru kì í jẹ́."

Ó tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé orí kẹsàn-án. Oṣù tí Múfútàù ti lọ ló ń kà. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "Mo mọ òógùn oyún, Tíṣà. Kò sí ẹni tó lè kọ́ mi níyẹn." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi etí gèlè rẹ̀ nu ọrùn. N kò fiyè sí i. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóyún kò ráyè wo ọrùn ẹlòmíràn.

Láti ẹ̀yìn kíláàsì, ọ́fíìsì ọ̀gá wa ló kọrí sí. Kò mọ ìwé kọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Kàdúná. Ọ̀gá wa, tí a máa ń béèrè ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fún wa ní ìlàjì, yọ ìwé funfun méjì àti àpòòwé kan fún un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà dùn. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo olùkọ́ ti mọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń ta epo fìtílà ní ìdíkọ̀ ń bi mí pé oṣù wo ni mo ń retí.

Ọ̀gá pè mí. Ó ní bí òun bá jẹ́ èmi, òun á ti rọra kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìjọba tó gbọ́, torí tíṣà tó lóyún láìlọ́kọ kò ní pẹ́ gbọ́ tìjọba. Bàbá mi ránṣẹ́ láti Ìgàngán pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò ránṣẹ́ mìíràn. Kò ní òun ń bọ̀ wá ṣe kí ni. Bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìgbà tó bá dákẹ́ báyẹn ni ẹ̀rù máa ń bà mí. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òótọ́ ni. Bí mo bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, òógùn á ti bo ojú mi, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i?"

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọkọ̀ lọ bá Màmá Múfútàù ní Èrúwà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ọsibítù. Ohun tí dókítà bá sọ níwájú yín, ìyẹn ni kí ẹ sọ fún bàbá mi." Mo rò pé á jiyàn. Ó kàn wo ilẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ọ̀la ni ká lọ." Bó ṣe tètè gbà yẹn yà mí lẹ́nu.

Bọ́lẹ̀kájà la wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì náà. Wọ́n há wa pọ̀ lórí pátákó kan náà, apá mi ń lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra rárá ni mo ti tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rìn díẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan. Òógùn ń ṣàn ní iwájú orí Màmá, bùbá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń fi ìdí ìró fẹ́ ojú láìwo ọ̀dọ̀ mi. Bàbá kan tó gbé adìẹ sí ẹsẹ̀ wò wá títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá àti ọmọ yìí, ṣé ilé lẹ ti wẹ̀ wá ni, àbí inú ọkọ̀ lẹ ti ń wẹ̀?"

Màmá ní, "Kì í ṣe ọmọ mi."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Adìẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ahọ́n Ìjẹ̀bú. Kí n tó jókòó, Màmá ti sọ fún un pé, "Oyún ló ní. Ẹ kàn bá wa wo oṣù tó jẹ́." Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èmi gan-an. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ó béèrè bóyá bàbá tàbí ìyá mi ń làágùn bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, bàbá mi lè fi ọ̀sán gbogbo kọ ebè kí aṣọ rẹ̀ máa gbẹ. Ó béèrè nǹkan oṣù mi, mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Màmá wú ikọ́. Dókítà ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ́ ìwé kan lé e lórí, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago. Ó ní kí n gbé omi mì, ó tẹjú mọ́ ọ̀fun mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ tọ̀ sínú ìgò wá.

Màmá tẹ̀ lé mi. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ bí ọlọ́pàá, kí n má baà lọ yá ìtọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí a padà wọlé, dókítà sọ ọ́ ṣókí. "Kò lóyún, Màmá."

"Òógùn yìí ńkọ́?"

"Òógùn ni ara fi máa ń tutù bó bá gbóná. Ohun tó lè mú kó gbóná pọ̀. Ibà lè fà á. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fà á. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá lọ sílẹ̀ jù, á làágùn. Ẹ̀rù lè fà á. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, kò sí àrùn níbẹ̀. Oyún náà lè fà á, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń jẹun púpọ̀, ó sì ń rù. Oyún kì í jẹ́ kí ìró tú nídìí." Ó fọwọ́ kan iwájú ọrùn ara rẹ̀. "Ẹran ara kékeré kan wà níbí, ó rí bí labalábá. Òun ló ń sọ bí ara ṣe máa sáré tó. Mo rò pé tiẹ̀ ló ń sáré jù. A máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn ká lè mọ̀ dájú."

Mo béèrè pé, "Ṣé gẹ̀gẹ̀ ni?"

"Ìbátan gẹ̀gẹ̀ ni, kò kàn tíì wú síta. Oògùn wà fún un."

Mo yíjú sí Màmá. Láti ọjọ́ ọjà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún un bí ọjọ́ báyìí bá dé, mo ti tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kò wò mí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ dókítà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí.

"Dókítà, bí obìnrin kan bá ń làágùn báyìí, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dúró láti bí oṣù mẹ́rin ńkọ́?"

"Ta nìyẹn, Màmá?"

"Ẹnì kan ni, ní àdúgbò wa."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Yóò tó bí ọjọ́ orí mi."

Dókítà wo gèlè rẹ̀ tó ti rin, ó wo ọrùn rẹ̀. Ó mú ìgò mìíràn, ó fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ bá ẹni náà tọ̀ sí i."

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ẹ má bi mí ìdí. Wọ́n ti fi ojú olè wo ìtọ̀ tèmi náà.

Òun náà kò lóyún. Dókítà ṣàlàyé fún un pé nǹkan oṣù ló ń kógbá sílé, pé ní àsìkò bẹ́ẹ̀ ooru a máa ṣàdédé rọ́ lu obìnrin láyà àti lójú, kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ọmọ. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi. Láti oṣù mẹ́rin ni ìyá yìí ti rò pé òun lóyún. Ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó, tí yóò wá máa pọn ọmọ pọ̀ mọ́ ti ìyàwó ọmọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó sọ fún ẹnikẹ́ni, àní Bàbá Múfútàù gan-an kò mọ̀. Nígbà tó rí òógùn kan náà lára mi, kí ni ì bá tún pè é?

Ó ní, "Mo ti yọ ọ̀já Múfútàù kúrò nínú àpótí. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ká a." Kò sunkún, ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra etí ìró rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ara tù ú ni tàbí ó dùn ún. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ ọjà kò wá sí mi lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Tíṣà, ohun tí dókítà bá mi sọ..."

Mo ní, "Ṣé dókítà bá yín sọ̀rọ̀ ni, Màmá? Èmi ò gbọ́ o."

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń wo iṣu. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun fún mi, kò sì gbà kí n bá òun gbé báàgì.

Ní ọjọ́ Sátidé, òun ló kọ́kọ́ dé ilé tí mo ń gbé. Kí bàbá mi tó jókòó ló ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ní, "Ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín kò lóyún. Èmi ni mo ṣì í mú." Bàbá mi, tó ti gbé gbogbo ìbínú rẹ̀ wá láti Ìgàngán, kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí mọ́. Ó béèrè omi mu.

Ó wá ku lẹ́tà Kàdúná. Èyí tó bà mí lórúkọ jẹ́ ti lọ láti ọjọ́ ọjà. A ní láti fi òmíràn lé e. A lọ bá ọ̀gá wa lọ́jọ́ Ajé. Ó bá wa dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run tóbi, ó sì ní ìwé ti tán lọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fa ìwé ya láàárín ìwé àkọsílẹ̀ mi, tí mo jókòó kọ lẹ́tà tí yóò dá èmi fúnra mi láre, Màmá ń sọ, mò ń kọ.

"Kọ ọ́ pé ọmọ náà kò lóyún."

"Mo ti kọ ọ́, Màmá."

"Kọ ọ́ pé àìsàn ọ̀fun ni. Kọ ọ́ pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe."

"Ṣé kí n kọ ohun tó fa àṣìṣe náà?"

"Fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Èsì ẹ̀jẹ̀ kò tíì ti Ìbàdàn dé nígbà náà, n kò sì tíì gbé oògùn kankan mì. Òógùn ń kán láti imú mi sórí ìwé, tó! tó! Ibi tó bá kán sí, yíǹkì á fẹ̀, ọ̀rọ̀ á di odò. Mo fẹ́ tún un kọ, Màmá ní rárá, ọkọ̀ tó máa gbé e ti ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í ránṣẹ́.

Èsì ẹ̀jẹ̀ wá dé, bí dókítà ṣe sọ ló rí. Mo gbé oògùn mì fún ìgbà pípẹ́, òógùn sì rọra ń gbẹ, títí n kò fi ní orúkọ ìnagijẹ mọ́ nílé ìwé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: ara ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, ẹni tó bá sì ń fi òógùn ọmọnìkejì dájọ́, kó kọ́kọ́ nu ojú ara rẹ̀. Mo ti sọ èyí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tìgboyàtìgboyà.

Àmọ́ ṣá o, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé tí a fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, Múfútàù ti dé. Kò dúró gba ìsinmi, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó yọ lẹ́tà náà láti àpò àyà, ó fi hàn mí bí yíǹkì ṣe ṣàn káàkiri. Ó ní, "Nígbà tí mo rí bí omijé rẹ ṣe ba gbogbo ìwé jẹ́, mi ò lè jẹun. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń sunkún báyìí kò lè dalẹ̀ mi." Ojú òun náà ti kún fún omi. Mo wo lẹ́tà, mo wo Màmá lẹ́yìn rẹ̀. Màmá wo òkè àjà.

Mo ní, "Ó dùn mí gan-an ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn la so yìgì. Títí di òní olónìí, lẹ́tà náà wà nínú àpótí rẹ̀, ó máa ń yọ ọ́ han àwọn ọmọ wa pé, "Ẹ wo omijé ìyá yín." Wọ́n á kí mi pẹ̀lẹ́, èmi náà á sì tẹrí ba bí ẹni tí ó ṣì ń dùn, kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rín ni mò ń rín.